Itọ́ Ẹnu Mi Lára Òwú Ọ̀gá Mi

Ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ọ̀gá mi ní àdúgbò D-Line ní Port Harcourt, iṣẹ́ kan wà tí ẹnikẹ́ni kì í bá mi dù: èmi ni mo máa ń ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ fún wọn. Ojú ọ̀gá ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn ò tíì gbọ̀n nígbà náà. Ọrùn agbádá tí wọ́n bá fọwọ́ ṣe iṣẹ́ sí, ẹ ò ní fẹ́ wo ti ẹ̀rọ mọ́. Màá já òwú, màá fi ẹnu fa orí rẹ̀ kó lè rin kó sì lẹ̀ pọ̀, màá tì í bọ abẹ́rẹ́, màá gbé e lé wọn lọ́wọ́. Àwọn náà á tún fi ẹnu fa á lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í rán. Bí ọ̀gá tiwọn ṣe kọ́ wọn nìyẹn ní Ògbómọ̀ṣọ́, bí wọ́n sì ṣe kọ́ mi nìyẹn nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́dún 1999. Tí ẹnì kan bá bu omi sínú abọ́ láti fi ṣe é, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, a máa ń ní kó kúkú lọ máa fọ aṣọ.

Lọ́dún 2020, nígbà tí ìjọba ní kí kálukú jókòó sílé, àrùn kòrónà mú mi. Aṣọ oníbàárà tí mo jó ni mo kọ́kọ́ fi mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tí a tì, níwájú ọ̀gá, mo gbé áyọ́ọ̀nù lé ṣòkòtò kan, èéfín ń ru sí mi lójú, imú mi ò gbọ́ òórùn kankan. Lọ́jọ́ kẹta, ibà dé. Lọ́jọ́ kẹfà, mi ò lè mí délẹ̀ mọ́, ìyàwó mi sì gbé mi lọ sí ọsibítù. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi ń mí afẹ́fẹ́ inú sílíńdà. Mo ti sọ ẹni tí ìyàwó mi máa kó ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún tí mo bá kú.

Wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé wá wò mí. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni ọ̀gá mi, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, ń fẹsẹ̀ rìn wá láti D-Line, torí kẹ̀kẹ́ ò gbọdọ̀ ná ojú títì, pẹ̀lú ògì nínú fúláàsì. Wọ́n á dúró lẹ́nu géètì, wọ́n á gbé e fún ẹ̀ṣọ́, wọ́n á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé kó mu ún gbóná." Ahọ́n mi ti kú, mi ò mọ adùn ògì yẹn rárá, ṣùgbọ́n mo máa ń mu ún tán.

Àwọn elétò ìlera yẹ àwọn tó kù ní ṣọ́ọ̀bù wò. Èsì ọ̀gá fi hàn pé àwọn náà ní in. Ikọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n hú, ó tán. Nígbà tí mo padà wálé, tí mo rù kan eegun, tí mo ń di ògiri mú kí n tó lè dé ilé ìwẹ̀, ọ̀gá wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé kinní tó wọ ara mi tó tún jáde láìkí mi náà ló ṣe ọ́ báyìí?" A jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni mo ti kó ìmọ̀ burúkú.

Mo di olùkọ́. Oníbàárà tó bá wọlé, mo ti dá a lẹ́kọ̀ọ́ kó tó sọ iye yáàdì tó rà. Mo ní ti àkọ́kọ́ ni baba. Ara tó bá ti mọ̀ ọ́n lẹ́ẹ̀kan ti mọ̀ ọ́n nìyẹn, tó bá tún padà wá, kò ní ju ọ̀fìnkìn lọ. Dókítà kan ò sọ ọ́ fún mi. Orí ara mi ni mo ti hun ún, mo sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń kàwé.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì kí a ṣe Iléyá, ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mò ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní Port Harcourt, ikọ́ kì í ní kí èèyàn ṣàlàyé ara rẹ̀. Eérú dúdú tí gbogbo ìlú ń pè ní súùtù ń já bọ́ láràárọ̀, ó wà lójú fèrèsé, ó wà nínú imú. Ẹni tó bá húkọ́, súùtù ni. Èmi náà ní súùtù ni. Ibà ò tilẹ̀ dá mi dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ mi le, mò ń jẹun. Tí mo bá rántí sílíńdà ti èṣí, ẹ̀rín ló ń pa mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi, tí í ṣe ọmọ Ikwerre, ń se ọbẹ̀ ìlú wọn, oníṣáwùrú, pẹ̀lú ewé uziza. Òórùn ọbẹ̀ yẹn máa ń dé ilé kẹta. Mo wọlé, mo bèèrè ohun tí a fẹ́ jẹ. Ó dáwọ́ dúró, ó wò mí.

"You no dey smell am?"

Mo ní ọ̀fìnkìn ni. Ó gbé ìgò kẹrosíìnì, ó ṣí i, ó gbé e sí mi nímú. Bí omi lásán ló ṣe rí ní imú mi.

"You no go go that shop again," ó ní. "Tell Baba."

"Second one no dey do anything," mo ní.

"E no do *you*. You sabi wetin e go do am?"

Inú bí mi. Mo ní kí ló kàn án nínú àìsàn tí kò ṣe é rí. Mo ní ti ọ̀gá fúyẹ́ ju tèmi lọ nígbà àkọ́kọ́; tí tèmi bá wá fúyẹ́ báyìí, tiwọn á fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Téèpù tí mo fi wọn ara mi ni mo fi wọn ẹlòmíràn. Télọ̀ tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí aṣọ, wọ́n á lé e ni.

Ṣùgbọ́n kí n má purọ́ mọ́, ìṣirò yẹn kọ́ ló gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìtìjú ni. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé lọ́dún tó ṣáájú, ọkùnrin kan ká ẹní ìkírun rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní mọ́ṣáláṣí, lójú gbogbo èèyàn. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún ká ẹní kúrò lọ́dọ̀ mi. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí a máa sá fún ekòló. Èmi ò sá fún ejò gan-an, nítorí pé mi ò fẹ́ kí wọ́n rí mi níbi tí mo ti ń sá.

Mo lọ. Mo fi ìbòmú kọ́ àgbọ̀n. Iṣẹ́ kún ilẹ̀, ọ̀gá jókòó ti ọrùn agbádá funfun kan láti àárọ̀. "Ọmọ mi, abẹ́rẹ́," wọ́n á ní. Màá fi ẹnu fa òwú, màá gbé e fún wọn, wọ́n á gbé e sẹ́nu. Mi ò ka iye ìgbà. Lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ọ̀gá sáré dìde, wọ́n gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ mi. "Aṣọ ń jó, o ò gbọ́ òórùn ni?" Mo ní ọkàn mi ò sí níbẹ̀ ni. Wọ́n padà jókòó, wọ́n tún ní kí n bá àwọn ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo fi ẹnu fa á.

Lọ́jọ́ kẹfà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ èmi àti ìyàwó mi, ọ̀gá ò wá. Lọ́jọ́ kẹjọ, ọmọbìnrin wọn pè mí pé wọn ò lè mí. Àrùn tó jáde láìkí wọn lọ́jọ́sí padà wá kí wọn dáadáa.

Ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi wà ní ọsibítù. Iléyá kọjá lórí wọn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé ògì lọ sí ẹnu géètì, ìyàwó mi ló ń pò ó. Kò bá mi jà, kò sọ pé mo sọ fún ọ. Á kàn dé fúláàsì, á gbé e lé mi lọ́wọ́, á yíjú. Lọ́jọ́ kan, dókítà jáde sí èmi àti ọmọ ọ̀gá, ó bèèrè bóyá ẹnì kan nítòsí Bàbá ti ń ṣàìsàn. Ọmọ wọn ní rárá, ó wá wò mí. Èmi náà mi orí pé rárá. Mo bi dókítà pé ṣebí ìgbà kejì kì í le. Ó ní ó lè rọ ẹnì kan lọ́rùn kó le fún ẹlòmíràn, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

Ọlọ́run dá wọn sí. Ṣùgbọ́n láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ẹ̀rọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sinmi, ọwọ́ tó ń ṣe ọrùn agbádá sì ti ń gbọ̀n. Wọn ò tún ṣe ọrùn agbádá kankan mọ́. Nígbà tí wọ́n pe àwọn ààfáà wá ṣe àdúà ìdúpẹ́ nílé, ọ̀gá ní kí wọ́n fi èmi sí àdúà náà, "ọmọ tó gbé ògì tọ̀ mí wá lójoojúmọ́." Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi náà ṣe àmín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè fi ọwọ́ àdúà pa ojú.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbé abọ́ omi kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi. Kò sẹ́ni tó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lóṣù tó kọjá, bọ́tìnnì bùbá ọ̀gá já. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fọwọ́ ara àwọn rán an. Mo ki orí òwú bọ inú omi, mo tì í bọ abẹ́rẹ́, mo gbé e fún wọn. Wọ́n dì í mú, wọn ò gbé e sẹ́nu.

"Láti ìgbà wo lo ti ń fi omi ṣe é?"

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan, Bàbá."

"Ó ti tó ọdún mélòó kan," wọ́n ní. "Láti ọ̀sẹ̀ tí mo ti ọsibítù dé ni."

Wọ́n ń wá ojú ihò bọ́tìnnì, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, abẹ́rẹ́ ò tètè rí i wọ̀.

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rántí aṣọ tó ń jó lọ́wọ́ rẹ," wọ́n ní. "Mo ti gbọ́ òórùn yẹn lẹ́ẹ̀kan rí, lọ́dún tí o fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

Mo dọ̀bálẹ̀ sáàárín àjákù aṣọ. Wọn ò ní kí n dìde. Wọ́n rán bọ́tìnnì náà tán, wọ́n fi eyín já òwú.

"Ògì yẹn dára," wọ́n ní. "Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ tí o bá gbé e dé, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ni mo ń retí."