Àmùrè Àǹtí Mi

Mi ò fẹ́ràn kí nǹkan rú mi lójú. Bí ó bá rú mi lójú, inú á bí mi, màá sì máa bá a jà bí ẹni pé ènìyàn ni. Ọ̀tá tí mo bá jà jù ní Johannesburg kì í ṣe àwọn ọmọ ìta Hillbrow o. Tírọ́ọ̀sì ni, ìyẹn àwọn irin tí wọ́n kàn pọ̀ ní igun mẹ́ta-mẹ́ta láti fi gbé òrùlé tàbí afárá.

Ọdún tó ṣáájú bọ́ọ̀lù àgbáyé tí wọ́n gbá níbẹ̀ ni. Gbogbo ìlú ń kọ́lé, wọ́n ń wá ẹnjiníà kiri, èmi tí mo sì ń kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fìdí rẹmi nítorí irin òrùlé. Wọ́n ní kí n tún ìdánwò náà ṣe lẹ́ẹ̀kan péré sí i. Bí mo bá tún kùnà, ilé-ẹ̀kọ́ á yọ mí, ìwé àṣẹ tí mo fi ń gbé ìlú á sì bá a lọ. Mo ti gbé báàgì ìrìn-àjò mi sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí tí mo ń gbé lọ́dọ̀ òun àti ọkọ rẹ̀ ní Berea, a máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò rí i.

Ohun tó ń pa mí rèé. Nínú tírọ́ọ̀sì, èèyàn gbọ́dọ̀ mọ irin tó wà ní fífà àti èyí tó wà ní títì. Oríkèé, ìyẹn ibi tí irin ti pàdé, tó bá dúró jẹ́ẹ́, gbogbo agbára tó ń fà á àti èyí tó ń tì í ti pa ara wọn rẹ́. Ìṣirò yẹn kò ṣòro fún mi. Ọfà ni mi ò mọ̀. Irin tó bá wà ní fífà, ọfà méjì tí a ń yà sí i lára á kọjú síra wọn. Lójú tèmi, ohun tí ọfà bá dojú kọ láti ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń fún un pa ni. Bí mo ṣe ń kọ "títì" síbi fífà nìyẹn, tí olùkọ́ ń fi bírò pupa dá mi lóhùn.

Àǹtí ti sa gbogbo ipá rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í kúrò nínú àdúrà nínú ìjọ aláṣọ funfun wa. Ó wọ́n omi àdúrà sórí ìwé mi títí ojú ewé tírọ́ọ̀sì fi wú, ìwé náà kò ṣeé pa dé mọ́.

Ọjọ́ Ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a ò tíì bọ́ sùtánà. Òtútù mú gan-an, gbogbo wa wọ ìbọ̀sẹ̀, ilẹ̀ onípákó ilé wa sì ń dán gbinrin nítorí ìda tí Àǹtí máa ń fi kùn ún. Mo jókòó, mo ń ṣépè fún ọfà. Àǹtí bi mí ìdí tí n kò fi jẹun, mo sì ro ẹjọ́ mi.

"Eish!" ni ọkọ rẹ̀ wí. Dókítà ni Bọ̀ọ̀dá, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan tí kì í fi ṣeré. "Dìde jàre. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ẹ la máa jẹ́ òrùlé."

Mo ní kí wọ́n kọjú síra, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ ti àtẹ́lẹwọ́, kí wọ́n wá sún ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Mo fi báàgì ìwé mi kọ́ wọn lọ́wọ́ kí ó jẹ́ ẹrù.

"Àjèjé ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí," ni Bọ̀ọ̀dá ń wí lọ́wọ́ tí ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ti Àǹtí náà yọ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ọkọ ti dọ̀bálẹ̀ fún ìyàwó, ìyàwó tó yẹ kó kúnlẹ̀ náà ti dọ̀bálẹ̀ fún ọkọ. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

"Ṣé o fẹ́ pa wá ni?" ni Àǹtí wí.

"Irin ìsàlẹ̀ tó ń so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ ni kò sí. Ẹ bá mi tú àmùrè yín."

"Àmùrè mi? Èyí tí wọ́n gbàdúrà sí?"

"Àǹtí, ẹ ti wọ́n omi sí ìwé tán. Àmùrè ló kù."

Ó wo báàgì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó tú àmùrè ìdí rẹ̀ fún mi.

Mo so orí kan mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo so ìkejì mọ́ ti Bọ̀ọ̀dá. Wọ́n tún fara ti ara wọn, mo gbé ẹrù kọ́ wọn lọ́wọ́. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n dúró. Mo kúnlẹ̀, mo fọwọ́ kan àmùrè náà, ó le gbandi.

"Àǹtí, ibo ló ń fa ẹsẹ̀ yín sí?"

"Sọ́dọ̀ ọkọ mi."

"Bọ̀ọ̀dá ńkọ́?"

"Sọ́dọ̀ ìyàwó mi ni now! Jọ̀ọ́, ṣe kíá, my back!"

Ọ̀dọ̀ ara wọn. Ọfà méjì tó kọjú síra, aṣọ tó wà láàárín wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fà ya! Ta ló ń fún un pa? Kò sẹ́nì kankan. Ọfà kò sọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí àmùrè, ohun tí àmùrè ń ṣe sí ẹsẹ̀ ló ń sọ. Mo pariwo, mo sáré lọ mú bírò, mo gbàgbé òrùlé mi síbẹ̀ ní sísomọ́ra, tí wọ́n ń ké pè mí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, mo fi pẹ́ńsùlù kékeré kọ "ẹsẹ̀ Àǹtí" sábẹ́ oríkèé kan, mo kọ "ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá" sábẹ́ ìkejì. Ibi tí iyè méjì bá ti bá mi, màá bi ẹsẹ̀ náà léèrè ibi tí wọ́n ń fà á sí. Mo gbàgbé láti pa á rẹ́. Nígbà tí olùkọ́ dá ìwé mi padà, ó ti fi bírò pupa yí "ẹsẹ̀ Àǹtí" po, ó fi àmì ìbéèrè sí i. Ṣùgbọ́n mo yege.

Mo gbé ìwé náà fún Àǹtí bó ṣe ti ibi iṣẹ́ dé. Ó wò ó títí.

"Ẹsẹ̀ mi gba máàkì?"

"Ó gbà á, Àǹtí."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, ó di ìwé náà mú. Ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á tó bẹ́ẹ̀. Bọ̀ọ̀dá lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ó gbé báàgì ìrìn-àjò mi, ó dá a padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì tì í wọnú títí ó fi kan ògiri.