Ilẹ̀kùn Tí Kò Gbà Kí A Ti Òun ní Ilé Àpọ̀kẹ́

Bí ẹ bá gun òkè àdúgbò wa ní Atakpamé, tí ẹ sì béèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá bá pàdé yóò sọ fún yín pé òun ló fi ọgbọ́n yẹn han Àpọ̀kẹ́. Irọ́ ni! Èmi Pauline ni ilé mi wà ní ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ gan-an, ojú mi ló ṣe, inú àgbàlá tèmi ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá ti ń sọ ọ́, mo lè gbàgbé ọbẹ̀ lórí iná.

Àwọn fádà sọ Àpọ̀kẹ́ ní Julienne nígbà tó ṣe ìrìbọmi, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni orúkọ yẹn ti ń jẹ́. Ìyá Eugène ni àwa aládùúgbò ń pè é. Ògúnkọ̀yà ọkọ rẹ̀ ti kú, ilé tó fi sílẹ̀ fún un sì jẹ́ ilé àtijọ́ tí bàbá Ògúnkọ̀yà fi amọ̀ mọ, ògiri rẹ̀ nípọn débi pé ooru kì í mú èèyàn nínú rẹ̀. Ọdún tí Togo gba òmìnira ni Ògúnkọ̀yà ṣí koríko orí rẹ̀ kúrò tó fi páànù kàn án, tó sì kun ilẹ̀kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé. Àwọn èèyàn ń ti ìsàlẹ̀ òkè wá wò ó nígbà yẹn. Inú ilé yìí ni ó gbé Àpọ̀kẹ́ níyàwó wá, ibẹ̀ ló bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí, ibẹ̀ ló sì ti pa ojú ọkọ rẹ̀ dé.

Àrùn kan ṣoṣo ló ń ṣe ilé náà: ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í ṣeé tì. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, á gbà díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, òpó ilẹ̀kùn á wọ́, ọ̀pá ìdábùú kò ní bá ihò rẹ̀ pàdé mọ́. A ó pe Hilaire káfíńtà. Hilaire á fá ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, á ní ó ti parí, á gba omi mu, á lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, á tún padà wá fá a. Mo sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé bó ṣe ń fá ilẹ̀kùn yẹn lọ, láìpẹ́ fèrèsé ni yóò kù. Àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti fẹjú tó bẹ́ẹ̀ tí àgbébọ̀ mi ń gba ibẹ̀ wọlé lọ yé ẹyin sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, odó ni Ìyá Eugène ń yí sẹ́yìn ilẹ̀kùn kó tó sùn.

Ṣùgbọ́n odó kì í ti ilẹ̀kùn nígbà tí onílé bá jáde. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ti Ìyá Eugène sì ti lanu tipẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan tí gbogbo wa wà ní mísà, olè kan fi ọwọ́ lásán ti ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó gbé rédíò Ògúnkọ̀yà, ó kó àwọn aṣọ tó dára jù nínú àpótí, ó jókòó jẹ ẹ̀wà tó kù nínú ìkòkò, ó sì fi ọmọrí dé ìkòkò náà padà. Ọmọrí yẹn ló bí mi nínú jù! Olè tó lẹ́kọ̀ọ́ ilé.

Eugène gbọ́, ó sì gòkè wá láti Lomé. Ọ́fíìsì kan létí èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ dáadáa ni, kì í gbàgbé ìyá rẹ̀, àmọ́ bó bá ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ẹnìkan ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúró láàárín àgbàlá, ó ní:

"Màmá, mo ti tún yàrá kan ṣe fún yín ní Lomé. Ilé yìí ti gbó, ẹ̀yin náà sì ń dàgbà. Mi ò lè máa sùn níbẹ̀ kí n máa ronú pé ẹnikẹ́ni tó bá wù ló lè wọlé tọ̀ yín. Bí òjò ọdún yìí bá tán tí ilẹ̀kùn yìí ò bá ṣeé tì, màá gbé ọkọ̀ wá kó ẹrù yín."

Ìyá Eugène yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ń wo ilẹ̀kùn. Ó wá ní, "Bó bá ṣeé tì ńkọ́?"

"Bó bá ṣeé tì, ẹ ò ní gbọ́ Lomé lẹ́nu mi mọ́."

"Yoo, mo gbà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Pauline, o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Eugène fi àgádágodo tuntun kan sílẹ̀, ó tóbi bí ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ méjì, ó sì lọ. Ibo la fẹ́ fi àgádágodo kọ́ lára ilẹ̀kùn tí kò bá òpó rẹ̀ pàdé? Nígbà tó ti lọ tán ni Ìyá Eugène wá jókòó tì mí, omi sì ń bọ̀ lójú rẹ̀. Ó ní, "Pauline, ẹ̀rù ń bà mí. Bí wọ́n bá gbé mi kúrò níbí, mi ò ní pẹ́ láyé. Ta ni mo mọ̀ ní Lomé? Iyanrìn ni ilẹ̀ wọn. Kí ni màá gbìn síbẹ̀?"

Ìmọ̀ràn wá dé láti ilé gbogbo. Colette oníbúrẹ́dì ní kó ra ajá. Gérard aládùúgbò wa ní kó ṣe ilẹ̀kùn onírin. Ẹnìkan tún ní kó lọ wá irin ńlá ní Kamina, níbi tí òpó rédíò gíga tí àwọn Jámánì gbé ró wó sí láyé àtijọ́, kó fi ti òpó ilẹ̀kùn. Hilaire ní tòun, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun tún un fá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìyá Eugène lé e jáde.

Òjò bẹ̀rẹ̀. Obìnrin yìí kò sì lè rí òjò kó má gbin nǹkan. Ó ra èso ata kan ní ọjà Notsé, ata rọ̀bọ̀tọ̀ aláwọ̀ ọsàn tó ń ta sánsán, tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí òkè wa. Ó gbìn ín sẹ́yìn ilé, ó sì fi yangàn fún wa títí ó fi sú wa. Ata kọ̀, kò hù. Ó ń bẹ ilẹ̀ wò láràárọ̀, kò sí nǹkan kan.

Àfi ọjọ́ tó sọ̀ kalẹ̀ wá fọ́n iná lọ́dọ̀ mi. Ó tẹ̀ síwájú, ó dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọlọ mi, ata ti hù, ó tutù yọ̀yọ̀, ó pọ̀ bí irun orí.

"Pauline! Ìwọ náà?"

"Èmi náà kí ni?"

"Ata mi! O wá hú ata mi!"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní sùúrù, mi ò sì sọ pé mo ní. Mo sọ ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Mo ní kí ló kàn mí kan ata yín? Mo ní bóyá ẹsẹ̀ ló hù tó fi rìn wá! Ohùn wa dé ìsàlẹ̀ òkè, Colette fi búrẹ́dì sílẹ̀ wá wòran. Ìyá Eugène bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti hú ata rẹ̀ padà. Ó ki ọwọ́ bọ ilẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó sì tẹ́wọ́ wò ó. Nínú erùpẹ̀ tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, eérú wà níbẹ̀, èèpo èkùrọ́ wà níbẹ̀, àti àfọ́kù abọ́ aláwọ̀ aró kan tó jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló fọ́ ọ, tó sì dà á sẹ́yìn ilé tirẹ̀ lókè lọ́hùn-ún.

Ó gbójú sókè. Èmi náà gbójú sókè. Láti inú àgbàlá mi, ìdí ilé náà hàn kedere: òkúta ìpìlẹ̀ ti yọ síta bí eyín arúgbó, igun kan níbi ilẹ̀kùn sì ti rọ̀ sílẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Mi ò wò ó rí.

Ẹ má bi mí bí a ò ṣe mọ̀. Lórí òkè wa, bí ilẹ̀ bá ń lọ níwájú ilé, àtẹ̀gùn la máa ń fi kún un, a ó tún máa fi yangàn pé ilé wa ga. Ògúnkọ̀yà fi àtẹ̀gùn kún tirẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ìyá Eugène di apá mi mú.

"Pauline, ilé mi ò ga! Ilẹ̀ ló ń lọ! Kì í ṣe ilẹ̀kùn ló wọ́, igun ilé ló ń rì. Àwa olórí kunkun, ilẹ̀kùn la ń fá láti ọjọ́ yìí!"

Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bú sẹ́rìn-ín. A di mọ́ra, a ń fò lórí ata náà, Colette sì rò pé orí wa ti yí. Ìyá Eugène gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó ní, "Àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Èmi Àpọ̀kẹ́ ò ní gbà fún un!"

Iṣẹ́ wá dé! Ó lọ sí oko rẹ̀ ní ọ̀nà Kamina, ó hú ìdì koríko ọba, ewé olóòórùn dídùn tí a ń sè mu bíi tíì, ó rù ú wálé. Ó gbìn ín ní ìlà ní ìdábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè náà, ìlà kan lábẹ́ òmíràn, ó sùn mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìka ò lè gba àárín rẹ̀. Ó fi òkúta ti ìdí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó gbin ọ̀pẹ òyìnbó, ẹlẹ́gùn-ún ẹnu ayùn, kí olè tó bá fẹ́ gba ẹ̀yìn wá lè kọ́kọ́ sọ fún itan rẹ̀. Fágbénró, bàbá tó ń mọ ilé alámọ̀, wá to òkúta sábẹ́ igun tó rì, ó fi ilẹ̀ pupa kún un, ó gún un títí ó fi le. Erùpẹ̀ wo? Erùpẹ̀ inú àgbàlá mi! Mo ní, "Ẹ máa kó ilẹ̀ yín padà, ṣùgbọ́n ẹ fi ata sílẹ̀ fún mi." Èmi àti òun la jọ rù ú gòkè, ọrùn mi fẹ́ wọ inú àyà. Hilaire wá tún òpó ilẹ̀kùn nà, ó sì lẹ pákó tuntun mọ́ ibi tó ti fá dànù.

Wọ́n fi wá ṣẹ̀sín o. Colette ní, "Olè ń bọ̀, ẹ ń gbin tíì. Ṣé ẹ fẹ́ ṣe é lálejò ni?"

Òjò tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Koríko kò tíì rinlẹ̀, àgbàrá hú ìlà òkè gbogbo, ó gbé e wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní ó ti parí, Lomé ti gba Ìyá Eugène lọ. Bí mo ṣe yọjú, mo rí i nínú òjò, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó ń tún un gbìn, ó ń bá àgbàrá jà bí ẹni ń bá orogún jà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo wé ìró mi gírí, mo gòkè lọ bá a.

Nígbà tí òjò ńlá dé, èyí tó ń fa igi tu, koríko ti mú ilẹ̀ dáadáa. Láti ọ̀sán ni òjò ti ń rọ̀. Mo dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, mo ń retí ẹrẹ̀ tó máa ń bo ààrò mi lọ́dọọdún. Omi dé, ó mọ́. Ẹ gbọ́ o, ó mọ́! Koríko ti gba erùpẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì dá tán tí mo gbọ́ igbe Ìyá Eugène lókè: "Pauline! Pauline, máa bọ̀!"

Mo sáré dé ibẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó fa ọ̀pá ìdábùú. Ọ̀pá wọ inú ihò: kọ́ọ́! Ó ṣí i, ó tún tì í: kọ́ọ́! Ó ní kí n tì í wò. Mo tì í. Àdúgbò wá tì í lọ́kọ̀ọ̀kan. Hilaire náà tì í, ó ní ṣé ẹ rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Inú wa dùn débi pé a ò ráyè bá a jà.

Eugène kò ránṣẹ́ kó tó wá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ti tán, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń pọ̀ọ̀kà gòkè bọ̀, òun ló jókòó ti dírẹ́bà. Ó ti wá kó ẹrù. Ìyá Eugène náà ti rí i láti ojú fèrèsé, nítorí mo gbọ́ kọ́ọ́ láti inú.

Ọmọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ó kí mi, ó gun àtẹ̀gùn, ó sì ṣe bí gbogbo wa ṣe ń ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀: kò kan ilẹ̀kùn, ó ṣáà tì í kó wọlé. Iwájú orí rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀.

"Màmá!"

"Ta ni yẹn?"

"Eugène ni."

"Èwo nínú àwọn Eugène?"

"Eugène ọmọ yín!"

"Irọ́. Eugène ọmọ mi mọ̀ pé ilẹ̀kùn ilé yìí ò ṣeé tì. Wọlé."

Ó fi èjìká tì í. Ó pe dírẹ́bà, àwọn méjèèjì jọ tì í. Òpó kò mì, ìdábùú kò mì. Gbogbo àdúgbò ti jáde, Colette ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di ògiri mi mú. Eugène bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa òpó ilẹ̀kùn lọ sókè sódò, ó bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ilé, ó wo koríko tó tò wálẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ mi. Ó wá jókòó sórí àtẹ̀gùn bàbá rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ẹ̀rín sì bú jáde lẹ́nu rẹ̀ pẹ̀lú omijé.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi."

"Lomé ńkọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í láti inú ilé.

Eugène fi apá aṣọ rẹ̀ nu ojú. "Lomé wo, Màmá?"

A gbọ́ tí Ìyá Eugène fa ọ̀pá ìdábùú kúrò nínú ihò rẹ̀.