Obìnrin Méje àti Oògùn Ojú Kan

Ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ́ àwọn ará ìjọ wa ní Ìbà. Mo mọ̀ wọ́n, mo wà nínú wọn. Ọwọ́ wa yá láti nà sókè ju ti ọmọ ilé ìwé tó fẹ́ tọ̀ lọ. Tí olùṣọ́-àgùntàn bá ti ní kí ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan fún Ọlọ́run dìde, gbogbo ìjókòó á ṣófo, ẹnì kan á dá orin, ijó á bẹ̀rẹ̀. Tí a bá ti jó tán, ó parí nìyẹn.

Báyìí la ṣe jó lórí ọ̀rọ̀ Màmá kan, opó, tó ń dá gbé nínú yàrá kan ní Okokomaiko. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Kútọnu. Ojú òsì wọn ti fọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa kán oògùn sí ti ọ̀tún ní ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, pé tí wọ́n bá ń pa á jẹ, òun náà á lọ, kò sì ní padà. Ọwọ́ Màmá sì ń gbọ̀n. Tí wọ́n bá fúnra wọn kán an, imú ló ń bọ́ sí. Obìnrin méje la dìde lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, kálukú mú ọjọ́ kan. Èmi mú Ọjọ́bọ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa.

Oṣù kan ò pé. Ẹni tó mú ọjọ́ Ajé kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹgbẹ́ pé àlejò wọlé sí òun, kí ẹnì kan jọ̀ọ́ bá òun yà sọ́dọ̀ Màmá. Àwa mẹ́fà la dá a lóhùn pé “Àmín.” Àmín sí kí ni? A ò bèèrè. Àmín ti pọ̀ lójú fóònù, oníkálukú gbà pé ẹlòmíràn ti wọ bàtà. Ẹni tó mú Ọjọ́rú ní òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Àmín. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa, tó máa ń bá ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé jà, ní ara òun ò yá, ó fi àwòrán òdòdó tì í. Àmín, Màámi.

Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ gan-an. Nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta wáyà iná ní Àlàbá, mo sọ fún gbogbo ẹni tó bá jókòó pé onígbàgbọ́ ẹnu ni wọ́n, pé èmi ò fo Ọjọ́bọ̀ kan rí. Òótọ́ ni nígbà yẹn. Ìgbéraga sì ń gùn mí.

Nígbà tí àjọ̀dún ìjọ kù díẹ̀, àwa akọrin gbé rìhásà sí ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Orin tuntun kan la ń kọ́, pé Olúwa kì í yẹ àdéhùn. Èmi ni mo ń dá a. Mo ní ṣebí iṣẹ́ Ọlọ́run náà nìyí. Mo kọ ọ́ sórí Wásáàpù pé rìhásà ò ní jẹ́ kí n dé ọ̀dọ̀ Màmá. Àmín mẹ́fà wọlé kí n tó fi fóònù sápò, ọkàn mi sì balẹ̀, èmi oníranù. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni mo fi kọrin àdéhùn.

Ní Ọjọ́bọ̀ karùn-ún, mo lọ. Oòrùn ò tíì wọ̀. Màmá jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọjú sí mi gan-an. Mo dúró níwájú wọn, mo ń rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín padà. Ìgbà tí mo kúnlẹ̀ kí wọn ni wọ́n bèèrè pé ta ni. Mo wo orí tábìlì inú yàrá wọn. Ìgò oògùn tuntun wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì já ìdérí rẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ àwáwí: rìhásà, àjọ̀dún. Wọ́n dá mi dúró láìbínú, ìyẹn ló sì dùn mí jù.

“Ọmọ mi, èmi náà jẹ́ ẹ̀jẹ́ lọ́jọ́ yẹn, mi ò kàn jó ni,” ni wọ́n wí. “Mo ní n ó máa gbàdúrà fún ẹni tó bá ni ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Mi ò fo Ọjọ́bọ̀ rẹ rí.”

Wọ́n wá gbójú sókè fún mi. Mo já ìdérí ìgò náà, mo kán oògùn sí ojú ọ̀tún tí òun náà ti fọ́, wọ́n sì ní mo ṣeun.