Okùn Méjì, Àwọ̀n Kan

"Ràṣídì! Ṣé ẹ̀bà alẹ́ àná ò tíì dé apá ẹ ni? Fà á!"

Ohùn bàbá bàbá mi nìyẹn, lórí iyanrìn, bí oòrùn ṣe ń yọ. Okùn tó rin gbindin fún omi òkun ń gba àtẹ́lẹwọ́ mi kọjá, ó ń ta mí bí ata. Òórùn ọ̀dà ìdí ọkọ̀ ń bá atẹ́gùn bọ̀, pẹ̀lú ti àgbọn tí ìyá mi ń sè fún òróró lẹ́yìn ilé. Ràṣídì dáhùn pé, "Bàbá, ẹ̀bà ti dé, ẹja ni ò bá a wá." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, a sì tún fà á.

Abúlé wa wà láàárín òkun àti ọ̀sà, nítòsí Ajah. Gbogbo àwọn tó ń fa àwọ̀n nígbà náà ni mo lè dárúkọ títí dòní: Ràṣídì, Kọ́láwọlé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, Mùsílíù kápẹ́ńtà, Wúlèmótù àti ọmọ rẹ̀ Sàfúrátù, tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi. Bàbá nìkan ni mi ò ní dárúkọ. Ẹnu mi ò gbé orúkọ wọn rí, mi ò sì ní bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ ogbó.

Bàbá ló ni àwọ̀n ńlá náà, ṣùgbọ́n gbogbo abúlé ló ń fà á. Ọkọ̀ á gbé e kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, á tẹ́ ẹ yípo, á wá mú orí okùn kejì padà wá sórí iyanrìn. Àwọn kan á mú okùn apá ọ̀tún, àwọn yòókù á mú tòsì. Bí wọ́n ṣe ń fà á ni wọ́n á máa rìn sún mọ́ ara wọn, títí àpò àwọ̀n á fi wọ́ gun òkè tòun ti ẹja.

Òfin kan wà tí Bàbá ṣe: ilé kan ò gbọ́dọ̀ dá okùn kan mú. Bí ọkọ bá wà lápá ọ̀tún, ìyàwó á lọ sápá òsì. Bí ẹ̀gbọ́n bá wà níhìn-ín, àbúrò á wà lọ́hùn-ún. Mo bi Bàbá pé kí ló dé. Wọ́n ń tún ojú àwọ̀n ṣe lọ́wọ́, wọ́n yọ abẹ́rẹ́ igi kúrò lẹ́nu.

"Bí èèyàn tìrẹ bá wà nídìí okùn kejì," ni wọ́n wí, "o ò ní fà á ní ìfà ìkà."

Bùrọ̀dá Ganíyù, àbíkẹ́yìn Bàbá, ló máa ń lúwẹ̀ẹ́ tẹ̀lé àpò àwọ̀n. Bí àwọ̀n bá há mọ́ nǹkan nísàlẹ̀ omi, á na ọwọ́ sókè. Bí ọwọ́ yẹn bá ti yọ, okùn méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró. Á rì lọ tú u, á padà yọ, á fọwọ́ gbá omi, a ó wá máa fà á lọ.

Nígbà tí àwọn ṣọ́jà ní àwọn fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá ni Bàbá ní àwọn máa di kánsẹ́lọ̀. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. A ò ní omi ẹ̀rọ, a ò ní dókítà. Ìyàwó Kọ́láwọlé rọbí, kò rí ọmọ bí, inú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ ọsibítù lójú ọ̀sà ló kú sí. Ìdí nìyẹn tí Bàbá fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n á kírun tán, wọ́n á jókòó sórí ẹní, wọ́n á máa dá sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ sọ fún èrò. Àwọ̀n ya, wọn ò tún un ṣe.

Mùsílíù kápẹ́ńtà náà jáde dupò lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú kejì. Kò pẹ́ tí ilé ò fi kí ilé mọ́. Wúlèmótù wà lẹ́yìn Mùsílíù, ló bá ní kí Sàfúrátù má bá mi ṣeré mọ́. Níkẹyìn, àwọn èèyàn Mùsílíù ní àwọn ò ní bá tiwa di okùn kan mú.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Bàbá wí. "Ẹ mú tòsì, àwọn tèmi á mú tọ̀tún. Kí gbogbo ayé wá wo ẹni tó lérò lẹ́yìn."

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Bàbá, òfin yín ńkọ́?"

"Ta ló ṣe é? Ṣebí èmi ni."

Bùrọ̀dá Ganíyù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi tí mo máa wà nínú omi, okùn ta ni tèmi?"

Bàbá ti ń ka orí àwọn tó máa mú okùn ọ̀tún.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa fà á bẹ́ẹ̀, etí òkun kún bí ọjọ́ ọdún. Èébú ń lọ, èébú ń bọ̀. "Mùsílíù, òkun kì í ṣe pákó o, kò ṣeé fi ìṣó kàn!" "Ẹ̀yin arúgbó, ẹ lọ bọ́mọ jókòó!" A ò fa àwọ̀n kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìdí okùn ọ̀tún ni mo wà. Mo rí Sàfúrátù nídìí okùn òsì, ó gbójú kúrò lára mi.

Ọwọ́ Bùrọ̀dá Ganíyù yọ lókè omi.

Mo pariwo, "Ọwọ́! Ọwọ́!" Àwọn tiwa dẹ okùn. Mùsílíù kígbe sí àwọn tirẹ̀: "Ẹ má dá a dúró! Ṣebí ọmọ wọn ni? Ẹ̀tàn ni!" Wọ́n ń fà á lọ, okùn tiwa sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ sínú omi. Ràṣídì yíjú wo Bàbá. Ojú Bàbá wà lára okùn Mùsílíù.

"Ẹ fà á," ni wọ́n wí.

A fà á.

Inú àpò àwọ̀n la ti rí Bùrọ̀dá Ganíyù, láàárín ẹja sàwá tó ń ta pìtìpìtì, àwọ̀n ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ àti lọ́rùn. Mùsílíù ló kọ́kọ́ sáré wọ omi. Òun àti Bàbá ni wọ́n jọ gbé e jáde. A sin ín lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó bu ẹja lọ sílé. Ẹyẹ òkun ló jẹ ẹ́.

Mùsílíù ò dupò mọ́. Nígbà tí wọ́n dìbò, gbogbo abúlé dìbò fún Bàbá; àánú wọn ló ń ṣe èèyàn. A rò pé Bàbá ò ní gba ipò náà. Wọ́n gbà á. Wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Bí mi ò bá gbà á, a jẹ́ pé lásán ni Ganíyù lọ."

Omi ẹ̀rọ dé, ó yọ fúngbà díẹ̀, ó gbẹ. Dókítà ò dé. Ìyàwó àwọn èèyàn ṣì ń rọbí lójú ọ̀sà. Nígbà tó ṣe, àwọn ṣọ́jà padà dé, wọ́n ní kí gbogbo olóṣèlú máa lọ ilé. Bàbá ká agbádá, wọ́n padà wálé. Àwọ̀n ti jẹrà. Ràṣídì ti lọ ṣe lébìrà níbi tí ìjọba ti ń kọ́ ilé ní Ìlasan. Oníkálukú ń fi ìwọ̀ dá pẹja tirẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń fá àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá lọ́ọ̀dẹ̀. Mo ti dàgbà díẹ̀ nígbà náà. Wọ́n ṣàdédé pè mí.

"Ṣé o rí ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Mo rí i, Bàbá."

Igbá tí mo fi ń gba àgbọn kún, mi ò mọ̀.

"Èmi náà rí i," ni wọ́n wí.

Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ títí wọ́n fi kú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá la sin Sàfúrátù. Nínú gbogbo àwa tí a di okùn mú láàárọ̀ náà, ó ku èmi nìkan, ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ìfẹ́ ipò a máa fọ́ni lójú. Ó wù mí kó rí bẹ́ẹ̀, torí ó rọrùn láti forí ji afọ́jú. Ṣùgbọ́n Bàbá ò fọ́jú. Wọ́n rí ọwọ́ ọmọ wọn, wọ́n rí okùn Mùsílíù, ọ̀kan ni wọ́n dá lóhùn. Èmi sì fẹ́ràn wọn, mo fẹ́ràn wọn dòní. Ẹrù tí mò ń rù kiri nìyẹn. Mi ò tíì rẹ́ni tó máa bá mi sọ̀ ọ́.