Páǹpù Tí Ẹnjiníà Ní Ó Ti Kú

Ẹnjiníà kan kéde ikú páǹpù mi ní Bódìjà lónìí, páǹpù náà ò sì tíì kú.

Ọjọ́ mẹ́ta ló ti ń kùn láìfa omi. Koríko iwájú ilé tí mo fọwọ́ ara mi gbìn ti ń gbẹ nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí.

Ẹnjiníà dé tòun ti táì lọ́rùn, ó fetí lé páǹpù bíi dókítà.

"Bàbá Tíṣà, ó ti kú. Ẹ lọ ra tuntun."

Ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò tó ń fa omi nínú kànga mi, gbé korobá sílẹ̀.

"Ẹnjiníà oní-táì, ṣé ẹ tiẹ̀ wo kànga? Lánàá ni mo so okùn mọ́ okùn kí korobá mi tó kan omi. Ta ló wá so kún páìpù tí páǹpù yìí fi ń fa omi?"

A yọjú wò ó. Ẹnu páìpù ò kan omi mọ́, afẹ́fẹ́ ló ń fà!

A so páìpù kún un, a rọ omi sí páǹpù lẹ́nu kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, ló bá fa omi. Koríko mi mumi.

Ẹnjiníà tún táì ṣe: "Ohun tí mo fẹ́ sọ náà nìyẹn."

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà, mo mọ ẹni tó ń jí ìdáhùn ẹnìkejì wò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, máàkì mélòó ni ká fún un?