Ògiri Àárín Yàrá Bàbá Mi àti Ti Ìyá Kékeré

Èmi ni mo lu ihò náà, kì í ṣe ẹlòmíràn. Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun ni kí n máa gbé tẹlifíṣọ̀n àti ọ̀pá kọ́tìnnì kọ́ ògiri fún àwọn èèyàn ní àdúgbò Fate. Ilé búlọ́ọ̀kù ló pọ̀ níbẹ̀. Màá ti dírílì bọ ògiri, eruku funfun á máa dà, màá ki fíṣà, ike tó ń di síkúrù mú, bọ ihò, màá yí síkúrù sí i, ó parí. Ó ti mọ́ mi lára débi pé n kì í wo ògiri mọ́. Lọ́jọ́ tó kan ògiri ilé tí wọ́n bí mi sí, n ò wò ó náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló burú jù.

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló dá bàbá mi jókòó. Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, apá òsì kọ̀, kò gbéra. Obìnrin tó máa ń bá aláìsàn na iṣan ní ọsibítù fi eré ìdárayá kan hàn wá: wọ́n kan róòlà kékeré mọ́ ògiri lókè, okùn gba orí rẹ̀, igi ìdìmú wà ní ẹnu okùn méjèèjì. Aláìsàn á jókòó sórí àga, ọwọ́ tó le á máa fa èyí tí kò le sókè. Ó ní a lè ṣe irú rẹ̀ sílé, ṣùgbọ́n kí a rí i dájú pé ibi tí a kàn án mọ́ gbà á, nítorí tí aláìsàn bá fi lè ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rù ò ní jẹ́ kó fọwọ́ kàn án mọ́.

Ìbéèrè kan ni bàbá mi bi í. "Ṣé á dé etí?"

Obìnrin náà rò pé etí ló ń dùn ún. Èmi mọ ohun tó ń wí. Látìgbà tí àìsàn ti dé, ọwọ́ kan ló ń gbé dé etí láti kábàrà tó bá fẹ́ wọ ìrun, èkejì á sùn sórí itan rẹ̀ bíi ọwọ́ ẹlòmíràn. Ìyẹn ń dùn ún ju pé kò lè dá wọ ẹ̀wù lọ.

Ìyá Kékeré ni ìyàwó tí bàbá mi fẹ́ lẹ́yìn tí ìyá mi kú. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé lórúkọ, nítorí náà Injiníà ló ń pè mí, ó sì máa ń pè é bíi ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sínú. Bí mo ṣe gbé dírílì wọ yàrá bàbá mi, ó tẹ̀ lé mi.

"Injiníà, ibo lo fẹ́ kàn án mọ́?"

"Ibí yìí, Ìyá." Ògiri tó wà láàárín yàrá tirẹ̀ àti ti bàbá mi ni.

"Ògiri yẹn ò le o. Wá ibòmíràn."

"Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ. Iṣẹ́ mi nìyí, Ìyá."

"Mo ti gbọ́. Bó o bá rí ojú ọ̀run, wàá kan tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. Èmi ò rín. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé látìgbà tí bàbá mi ti wólẹ̀, Ìyá Kékeré ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọjà Tuntun, níbi tí a ti ń ta bùtà àlùwàlá àti ẹní ìkírun. Kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí rẹ̀. Mo ń bi ara mi pé, ṣé obìnrin yìí tiẹ̀ fẹ́ kí apá yẹn gbé sókè?

Mo lu ògiri náà. Ìkọ́ tí mo fi síkúrù dè mọ́ ọn láti gbé róòlà dúró dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, mo fọwọ́ kàn án, ó ń mì. Mo fún un. Ó tún tú. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń bọ̀ láti ibi ìrun àsùbáà, mo bá Ìyá Kékeré lórí ìkúnlẹ̀ lábẹ́ ìkọ́ náà gan-an, tí bàbá mi ṣì ń sùn.

"Kí lẹ̀ ń wá níbẹ̀, Ìyá?"

"Erùpẹ̀ ni mò ń gbá."

"Erùpẹ̀ wo?"

"Èyí tó ń ti ara iṣẹ́ rẹ bọ́."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Erùpẹ̀ náà pupa. Mo rí i pé ó pupa, mo sì kọjá. Ohun tí ojú mi mú kò ju obìnrin kan lọ tó wà nídìí iṣẹ́ mi nígbà tí kò sẹ́nì kankan.

Mo wá di ọlọ́pàá nínú ilé bàbá mi. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà láti orí síkúrù bọ́ sára ògiri, kí n lè mọ̀ bí ẹnì kan bá yí i. Màá ṣe bí ẹni tó ń jáde, màá yà padà. Síkúrù ń tú, ṣùgbọ́n ìlà pẹ́ńsù ò yẹ̀. Ó yẹ kí ìyẹn sọ nǹkan fún mi. Èrò mi ni pé ó gbọ́n jù mí lọ, ó ń fà á ni, kì í yí i.

Lẹ́yìn ìrun alásàrí ọjọ́ kan, bàbá mi jókòó, ó ń fa okùn, gbogbo rẹ̀ já bọ́. Ìkọ́, róòlà àti ègé sìmẹ́ǹtì kan ya lulẹ̀. Ó ti orí àga ṣubú sí ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ún, róòlà sì gbá a níwájú orí. Egungun ò ṣẹ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ fojú rí okùn yẹn mọ́.

Àwọn ẹbí wá kí i. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹnu mi ló yá jù.

"Ẹ bi Ìyá Kékeré. Àwọn ni wọ́n ń tú u."

"Háà! Kí lo wí?"

"Mo bá wọn nídìí ẹ̀ láàárọ̀."

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi yíjú sí Ìyá Kékeré. "Ìyàwó, òótọ́ ni?"

"Ọlọ́hun rí mi," ni Ìyá Kékeré wí. Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀. Ẹnì kan pòṣé tẹ̀ lé e. Bàbá mi wo ojú mi, ó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo fẹ́ dí ihò náà. Mo ti ìka bọ̀ ọ́, ó wọlé dé ìdí. Ohun tó ń dà síta jẹ́ amọ̀ pupa, ó kúnná bí ẹ̀lùbọ́, koríko gbígbẹ wà nínú rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi bò ó ò nípọn ju èèpo búrẹ́dì lọ. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé wa. Kí wọ́n tó bí mi ni wọ́n ti rẹ́ ẹ, n ò sì mọ ojú mìíràn fún un. Gbogbo ìgbà tí bàbá mi bá ti fa okùn, amọ̀ ń lọ̀ lẹ́yìn fíṣà. Kò sẹ́ni tó tú nǹkan kan.

Mo gun òkè wo àjà, bóyá ibẹ̀ lè gba ìkọ́. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ikán sì ti jẹ igi tó gbé e. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: kí n lu ògiri já, kí n fi pákó nínípọn sí ìhín àti ọ̀hún, kí irin gígùn gba inú rẹ̀, kí n fi nọ́ọ̀tì fún un lápá méjèèjì kí ògiri wà láàárín. Lọ́hùn-ún, orí ibùsùn Ìyá Kékeré gan-an ni. Mo lọ kanlẹ̀kùn.

"Ìyá, mo fẹ́ lu ògiri já sọ́dọ̀ yín."

Ó ń ká hìjáàbù rẹ̀. "Kó o lè máa yọjú wo ohun tí mò ń tú?"

Mo ní, "Amọ̀ ló wà nínú ẹ̀."

"Èmi tí mò ń gbá a ńkọ́? Lù ú já, Injiníà. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bo ibùsùn mi."

Nígbà tí mo ṣe é tán, Ìyá Kékeré ní kí n so ara mi rọ̀ mọ́ ọn. Mo so rọ̀. Ó ní kí n jó lórí ẹ̀. Mo mì títí, kò yẹ̀. Bàbá mi ṣì kọ̀, àfi ìgbà tí Ìyá Kékeré fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga, tó fa okùn lójú rẹ̀, tó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, n ò kú." Bàbá mi ti ń fà á báyìí. Ọwọ́ òsì ti dé àgbọ̀n, kò tíì dé etí.

"Amọ̀ ló wà nínú ẹ̀" tí mo sọ yẹn, kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Inú yàrá nìkan ni mo sì ti sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ gbangba ni mo ti bà á lórúkọ jẹ́. Mo jẹ ẹ́ ní gbólóhùn kan, níwájú àwọn tó gbọ́ ti ìṣáájú. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá. Ìyá Kékeré gbé omi fún un, kò gbà á. Ó ní kí èmi lọ bu òmíràn wá fún òun. Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn náà wà lẹ́nu mi. Mo dìde, mo lọ bù ú wá.