Bàbá Faransé Tó Kọ́ Mi Ní Kẹ̀kẹ́

Láàárín àwọn ọdún 1980, lókè òkun, Chatham ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n ìlú mìíràn, Joliet, ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Bàbá Faransé kan wà lọ́wọ́ mi níbẹ̀, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Dókítà ní kí wọ́n máa wa kẹ̀kẹ́ adúró-sójú-kan kí orúnkún wọn má baà gan. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ tí kì í lọ síbì kankan kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Àṣé eré ìje kẹ̀kẹ́ ni wọ́n fi ìgbà ọ̀dọ́ wọn ṣe. Wọ́n ní eruku àti òkúta ni ojú ọ̀nà ayé ìgbà yẹn. Olúkúlùkù á gbé táyà kọ́ èjìká, bí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá sì jò, fúnra rẹ̀ ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí àwọn ló ṣáájú, òùngbẹ mú wọn yà sí ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ọmọbìnrin ilé náà bu ọbẹ̀ fún wọn, ọbẹ̀ lásán, kò sí òkèlè. Wọ́n lá a tán, wọ́n tún tọrọ sí i. Kí wọ́n tó jáde, èèyàn mọ́kànlá ti kọjá lọ.

“Ṣé kò dùn yín ni, Bàbá?”

“Kí ló máa dùn mí? Mo padà lọ fẹ́ ọmọbìnrin náà.”

Kí n lè tù wọ́n lójú, mo parọ́ pé èmi náà mọ kẹ̀kẹ́ gùn dáadáa. Bàbá wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní bí mo bá gùn ún lójú àwọn, àwọn náà á gun tàwọn.

Mo yá kẹ̀kẹ́ alásè wa, mo ti Bàbá jáde lórí àga onítáyà wọn lọ síbi tí a ń páàkì mọ́tò sí. Ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni mo tẹ̀ kí n tó ré lulẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá wọn fi bọ́ sórí itan.

“Má wo táyà mọ́,” ni wọ́n wí. “Igi ọ̀hún yẹn ni kí o tẹjú mọ́.”

Mo tẹjú mọ́ igi náà títí mo fi lọ kọlù ú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe é kí n tó lè yípo ibẹ̀ láìṣubú. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀, Bàbá mú ìlérí wọn ṣẹ, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ adúró-sójú-kan náà. Nígbà tí yìnyín fi máa bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá ni wọ́n ń tẹ̀ lọ jẹun fúnra wọn, wọ́n sì ti ń bá àwọn arúgbó yòókù wí pé wọn ò mọ bí a ṣe ń jókòó lórí kẹ̀kẹ́.